Lẹ́tà Kan

Oṣù Keje. Yìnyín ti funfun lórí koríko Irati,
àwọn igi páínì dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
ewé wọn dà bí agboorùn tí afẹ́fẹ́ yí sódì.
Èmi Leocádia, nọ́ọ̀sì ni mí.
Iṣẹ́ mi ni kí n gún ọmọ tuntun ní gìgísẹ̀,
kí n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí páálí, kí n fi ránṣẹ́ sí Curitiba.
Ọmọ á ké. Ìyá á wò mí bí ẹni ń wo olè.
Ó ti mọ́ mi lára.

Ọdún tó kọjá ni Rosicler gbé Taíse wá,
ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ tí irun ti ń hù lábẹ́ rẹ̀,
tí ohùn rẹ̀ ki bí ti ọmọkùnrin tó ń bàlágà.
Ará ilé ń rẹ́rìn-ín: "Èyí á kọrin nínú ìjọ!"
Èmi kò rẹ́rìn-ín.
Ohun tí wọ́n yọ lórí kíndìnrín rẹ̀ kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.
Jẹjẹrẹ kì í fi títóbi bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Hrycyna ló jókòó tì mí, ó fi gègé yàwòrán:
nínú sẹ́ẹ̀lì wa, jíìnì kan wà
tó ń rọ purotéènì tí wọ́n ń pè ní p53,
orúkọ bíi nọ́ńbà ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé.
Bí ara bá tòrò, wọ́n á gbá a dànù mọ́ pàǹtí,
wọ́n á tún rọ òmíràn, wọ́n á tún gbá a dànù.
Ṣùgbọ́n bí okùn àkọsílẹ̀ ara bá já,
tí sẹ́ẹ̀lì sì fẹ́ da àṣìṣe náà kọ fún ọmọ rẹ̀,
p53 á dìde, á ní: Dúró.
Tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é tún ṣe, kú.
Sẹ́ẹ̀lì á sì kú wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí òkú tí a ó sin.

Kì í dá a ṣe.
Mẹ́rin ni wọ́n ń so ọwọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè di okùn náà mú.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà:
ara ti mọ̀ ọ́n kí ẹnu tó fi pa òwe.

Lẹ́tà kan ló yí padà nínú ìdílé yìí.
Ẹyọ kan, bí ìgbà tí akọ̀wé fi àmì kan lé orí ọ̀rọ̀
tí ọkọ di ọkọ́,
tí ìyàwó wá ń fi olólùfẹ́ rẹ̀ ro oko.
Àwọn mẹ́rin ṣì ń so ọwọ́. Ọjọ́ pọ̀ tí wọn kì í jáwọ́.
Àmọ́ bí omi inú sẹ́ẹ̀lì bá dín kíkan díẹ̀,
ọwọ́ á máa yọ̀.

Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn adaìbaaka àtijọ́ ló gbé e kiri
lójú ọ̀nà Sorocaba: ibùsùn kan níbí, ọmọ kan lọ́hùn-ún.
Bàbá Durvalino gbọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
"Bàbá bàbá mi da ìbaaka. Gàárì rẹ̀ ṣì wà lára ògiri mi."
Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ní lẹ́tà yẹn.
Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, àìsàn kò dá a dùbúlẹ̀ rí,
eyín rẹ̀ pé lẹ́nu.
Èyí gan-an ló ń dùn ún.

Àbúrò Taíse, Anésio, pé oṣù kan lánàá.
Èsì rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀.
Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò láti àárọ̀:
kì í ṣe ikú, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ó máa yẹ̀ ẹ́ wò,
kì í ṣe ikú.

Mo rí wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n ń gun òkè bọ̀,
yìnyín ń yọ̀ lábẹ́ bàtà wọn.
Bàbá àgbà di Taíse mú, Taíse di ìyá rẹ̀ mú,
ọmọ tuntun wà láyà ìyá. Bàbá wọn ti lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ewé mátè.
Mẹ́ta ni mo kà.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo jáde.